Ọkọ̀ Wa Dúró sí Ìkejì: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Kérésìmesì 2022

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kejìlá

Mo ní ètò. Láti oṣù kẹwàá ni mo ti ń to Kérésìmesì yìí bí ẹni ń to ẹrù sínú àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Ìkòròdú yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èmi àti ọmọ mi lọ sí Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì lọ́dọ̀ Màámi. A ó kúrò l'Ékòó ní ìdájí Ọjọ́bọ̀, a ó dé lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti Màámi á jọ ra adìẹ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá dín in, màá se ọbẹ̀, màá lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni mí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ètò ẹ̀kọ́, mo tún fi wákàtí sí i. Bàálé mi ò lè bá wa lọ, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, iṣẹ́ alẹ́ ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́dún yìí.

Iṣẹ́ tòní ni kí n gba owó tuntun. Ọjọ́ 15 oṣù yìí ni igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà tuntun jáde, wọ́n ní ti àtijọ́ ò ní ná mọ́ tí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 bá ti parí. Màámi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó pè mí kíá. Igba náírà tuntun lòun fẹ́, èyí tó ń kígbe lọ́wọ́, tí òun á máa fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó bá wá kí òun kú ọdún. Mo tò sẹ́nu ẹ̀rọ báńkì fún wákàtí méjì. Nígbà tó kàn mí, àtijọ́ ló pọ̀ fún mi, a tilẹ̀ fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀kan nínú wọn láàárín. Mo wọlé lọ béèrè. Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, àwa gan-an ò tíì fọwọ́ kàn án."

Lálẹ́, a ṣe ìpàdé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni wọ́n ní kí n gbàdúrà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. Mo ní kí ìfẹ́ Olúwa ṣẹ lórí ìrìn ẹsẹ̀ wa, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó rọ̀. Kì í nira láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ètò bá wà nínú báàgì ẹni.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kejìlá

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Orí ìlà epo ló sùn mọ́jú. Ó ti tò láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ọkọ̀ mẹ́rin ló kù níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó ní epo ti tán. Àwọn oníkẹ́ẹ̀gì tó dúró ní ìkọjá títì ń ta tiwọn ní ìlọ́po méjì, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n dà mọ́ ọn.

"Àbúrò mi, má bínú," ló wí. "Ọkọ̀ yìí ò lè lọ Èkìtì. Epo tó wà nínú rẹ̀ ò lè gbé e kọjá Ìbàdàn."

Mi ò bínú sí i. Ètò mi ni mo bínú fún. Mo fa igi sórí "Ọjọ́bọ̀", mo kọ "Ẹtì" sókè rẹ̀. Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ti wọ bàtà láti agogo mẹ́rin, bọ́ ọ, ó padà lọ sùn. Mi ò kọ nǹkan míì lónìí ju pé mo to ìrẹsì kìlógíráàmù mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì òróró kan àti aṣọ wa sínú àpò Gáná.

Ẹtì, 23 Oṣù Kejìlá

Agogo márùn-ún la ti wà ní gáréèjì Ọ̀jọ́ta. Ọyẹ́ mú, ètè gbogbo èèyàn funfun. Owó ọkọ̀ Àkúrẹ́ tó jẹ́ 6,000 náírà ní oṣù kẹsàn-án ti di 11,000. Ẹni tó bá ń pariwo, agbèrò á ní kó lọ fẹsẹ̀ rìn.

Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún ló kàn wá. Dírẹ́bà wa wọ ẹ̀wù Argentina, nítorí náà kí ọkọ̀ tó kúrò ní gáréèjì ni gbogbo wa ti ń pè é ní Messi. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi ọ̀rá di Bíbélì rẹ̀ mọ́ àyà. Ọmọ agùnbánirọ̀ kan ń lọ kí òbí rẹ̀. Màmá kan sì gbé agbọ̀n adìẹ mẹ́ta sábẹ́ ìjókòó, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹsẹ̀ kàn án, ohun tí òun máa fi kí àna òun nìyẹn.

Ẹnìkan dìde gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń ṣe. A pe ẹ̀jẹ̀ Jésù sórí táyà, sórí ẹ́ńjìnnì, sórí ojú Messi. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú la kúrò.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ méjì sí Kérésìmesì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti Berger dé Kára, wákàtí méjì. Mààlúù tó wà lọ́jà Kára ń yára jù wá lọ. Wọ́n ṣì ń tún ojú ọ̀nà ṣe, ibi tí ọ̀nà ti yẹ kó jẹ́ mẹ́ta, ó di ẹyọ kan. Àwọn òǹtajà ń rìn láàárín ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá, àwòrán àwọn tó ń du ipò ààrẹ ń wò wá lórí gbogbo òpó. A kọjá Ìbafọ̀, Mówé, Ṣágámù, Ògèrè. Agogo mẹ́ta kọjá ká tó rí Ìwó Róòdù n'Íbàdàn. Ní Aṣẹ́jírè, ọmọ mi rí omi, ó ní ṣé òkun nìyẹn. Ní Ìkirè, mo ra dòdò Ìkirè, dúdú kirikiri, olóròóró àti aláta, wọ́n fi ewé di í. Òun nìkan ló dùn lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ rèé. Nígbà tí a dé Iléṣà, agogo mẹ́fà ti ń lù, Messi ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní ọwọ́ aago ìgbóná ọkọ̀ ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, pé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tí òun mọ̀ wà níbẹ̀. "Ogún ìṣẹ́jú péré, ẹ̀yin èèyàn mi."

Inú ọkọ̀ dàrú. Ilẹ̀ ti ń ṣú, gbogbo ayé ló mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe lójú ọ̀nà yìí lóru, àbí ó fẹ́ tà wá ni? Màmá Aládìẹ ní ọkọ̀ tó ti gba àdúrà láti Ọ̀jọ́ta kò ní dúró. Ọmọ agùnbánirọ̀ ní kó máa lọ jàre. Èmi náà sọ tèmi, ohùn mi kò sì kéré: "Dírẹ́bà, máa lọ! Ó ti dára lórúkọ Jésù."

Messi wo wa nínú dígí. Ó bu omi díẹ̀ sí i, ó tẹ̀ síwájú.

A kọjá Ẹrìn, a kọjá Ìpetu. Ní ẹnu ìlú Ìkejì-Arákejì, èéfín funfun bo dígí iwájú, nǹkan kan ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìkòkò, ọkọ̀ sì dákẹ́. Òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ Jésù fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í bú Messi.

A ti ọkọ̀ náà wọ ìlú. Àwọn ọkùnrin wà lẹ́yìn, àwa obìnrin ń gbé ẹrù tẹ̀ lé wọn, ọmọ mi ń fi fóònù mi tan iná. Ilé tí a kọ́kọ́ rí tí iná wà, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ni. Ìyá ìjọ jáde sí wa, ó ti wé gèlè alẹ́. Kò béèrè ìjọ tí a ti wá. "Ẹ kú ewu o. Ẹ̀yin mélòó ni?" Ó kó ẹní àti aṣọ ìbora wá, ó ní kí àwọn ọkùnrin máa sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn obìnrin bọ́ sí yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ orin.

Láti ibẹ̀ sí Àkúrẹ́ ò pọ̀. Láti Àkúrẹ́ sí ilé Màámi ò tó wákàtí kan. Mo sùn pẹ̀lú ìbínú ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tí kò rí ìkòkò.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kejìlá

Ọ̀kan nínú adìẹ màmá yẹn jẹ́ àkùkọ. Ó kọ ní agogo mẹ́rin ìdájí láàárín yàrá tí obìnrin mẹ́sàn-án sùn sí. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀.

Mẹkáníìkì gun ọ̀kadà dé ní agogo mẹ́jọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka tọ́ ibì kan, ó mi orí. Wọ́tà pọ́ńpù ti lọ. "Ta ló ní kí ẹ máa wa ọkọ̀ yìí lọ bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ti dúró n'Íléṣà ni, bẹ́líìtì nìkan ni ẹ ò bá pààrọ̀." Messi ò sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn wò wá, ìyẹn ló dùn mí jù. Gbogbo wa gbójú sílẹ̀, à ń wo ẹsẹ̀ ara wa.

Pọ́ńpù ọ̀hún, Àkúrẹ́ ni wọ́n máa ti rà á, àwọn onípáàtì sì lè ti ṣọ́ọ̀bù nígbàkigbà torí ọdún. Messi gun ọ̀kadà lọ. Àwọn kan nínú wa rí ọkọ̀ tó ń kọjá: ọmọ agùnbánirọ̀ bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tó kó iṣu. Awakọ̀ takisí kan ní òun á gba 30,000 náírà lọ́wọ́ èmi àti ọmọ mi dé Ìkẹ̀rẹ́. Owó ọwọ́ mi ò tó bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì jẹ́ kí n fi ránṣẹ́. Nígbà tó di agogo mọ́kànlá, àwa mẹ́tàlá ló kù, ebi sì ti ń pa àwọn ọmọdé.

Gbogbo ojú wá yí sí àpò ìrẹsì mi.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ níbí. Kò wù mí. Ìrẹsì Màámi ni. Mo ti ń fi owó pamọ́ láti fi rà á, ìrẹsì kì í tún ṣe ohun tí èèyàn ń rà ní ìràkúrà mọ́. Ìyá ìjọ ti gbé ìkòkò kaná láìbéèrè, ó wulẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé màá ṣe ohun tó yẹ. Mo tú àpò náà. Mo wọn kọ́ńgò mẹ́ta. Ní ọjà, bí oníṣòwò bá wọn ìrẹsì fún mi, mo máa ń bá a jà pé kó jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ bí òkìtì. Èmi fi ọwọ́ gé tèmi pẹrẹsẹ. Ọmọ mi rí mi. Ó wo kọ́ńgò náà, ó wo ojú mi, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Màmá Aládìẹ fi ata rodo àti iyọ̀ ṣe tirẹ̀. Adìẹ kankan kò kú. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ ara nígbà tí a ń jẹun.

Lọ́sàn-án, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá oníbíbélì bi ọmọ mi bóyá ó mọ ibi tí ó wà. Ó ní rárá. Bàbá ní kò jìnnà sí ibí yìí ni ẹ̀rọ Wòlíì Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá ti dúró. Mo máa ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, ilé-ìwé gíga tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìlú yìí gan-an, ṣùgbọ́n inú Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, mi ò mọ ìtàn náà délẹ̀. Bàbá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ Òdò-Ọwá ni, 1904 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ọ̀nà ló ń bá ìjọba ṣe, òun ló ń wa ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ títì kí ó le, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kan náà tí àwa jókòó tì yìí. Ní oṣù kẹwàá 1928, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un ṣe títí, kò ṣiṣẹ́. Ibi tó ti ń tún un ṣe ló ti gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Nígbà tó di 1930, ìsọjí tó ṣe ní Òkè Oóyè n'Íléṣà ti gba gbogbo ilẹ̀ yìí kan. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n sin ín sí ní 1959.

"Ọkọ̀ tiwọn náà dúró níbí," ni Bàbá wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo fẹ́ sọ pé ìyẹn ò mú pọ́ńpù wá. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ṣé Ọlọ́run ló ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́ ni, àbí ó kàn bàjẹ́?"

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Ó tú ọ̀rá Bíbélì rẹ̀, ó tún un dì. "Èmi ò sí níbẹ̀, ọmọ mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé etí rẹ̀ là sílẹ̀ nígbà tó ń tún un ṣe."

Nǹkan bí agogo mẹ́rin, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú. Mo pe bàálé mi, mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rojọ́ Messi, epo, báńkì àti àkùkọ fún un. Ó ní, "Ṣé o ti pe Màámi?" Mi ò tíì pè é. Nígbà tí mo pè é, kò lọ.

Alẹ́ nìyí. A bá wọn ṣe ìsìn àìsùn Kérésìmesì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ka ìwé Lúùkù orí kejì, ibi tí àṣẹ Késárì ti jáde pé kí gbogbo ayé lọ forúkọ sílẹ̀. Màmá kan lẹ́yìn mi kùn sí ẹnì kejì rẹ̀: "Tiwọn jẹ́ orúkọ, tiwa jẹ́ owó." Ẹ̀rín pa wá lórí ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti bímọ. Mo mọ ohun tí obìnrin máa ń tò sílẹ̀ nígbà tí oṣù rẹ̀ bá ti pé: ọpọ́n ìwẹ̀, ọṣẹ, àkísà tó rọ̀, ìyá tàbí àǹtí tó máa gba ọmọ. Màríà náà á ti tò ó sílẹ̀ ní Násárẹ́tì, ibẹ̀ ni yóò sì wà nígbà tó ń wá ibi tó máa tẹ́ ọmọ sí ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Mo ṣí orí kìn-ín-ní wò lórí fóònù mi, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Áńgẹ́lì tó wá bá a sọ orúkọ ọmọ fún un, ó sọ ìtẹ́ Dáfídì, ó sọ ti Èlísábẹ́tì. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò kankan. Kò mẹ́nu ba ibùjẹ ẹran. Màríà sì ti dáhùn pé kó rí bẹ́ẹ̀ fún òun kí ó tó mọ bí ọ̀nà náà ṣe máa gùn tó.

Messi dé pẹ̀lú pọ́ńpù ní agogo mẹ́jọ kọjá. Òun àti mẹkáníìkì ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo gbé ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò lọ fún wọn. Messi fi ọwọ́ olóyìílì gbà á. Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ àná." Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi di tọ́ọ̀ṣì yìí mú."

Àìkú, 25 Oṣù Kejìlá

Ẹ kú ọdún! Agogo méje la gbéra. Ìyá ìjọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń juwọ́.

Kò pẹ́ tí a kọjá Ìgbàrà-Òkè, a rí àfọ́kù bọ́ọ̀sì kan nínú kòtò, ó dojú bolẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ké "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Aládìẹ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ wò ó, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, ibi tí àwa ìbá wà nìyẹn, Ọlọ́run ló dá ọkọ̀ wa dúró! Orin ọpẹ́ gbalẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Messi náà ń fọwọ́ lu sítíárì.

Ọmọ mi fẹnu kò mí létí. "Màmá, koríko ti hù nínú rẹ̀."

Mo wẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Ìtàkùn ti wọ fèrèsé kan jáde ní èkejì, ìpẹtà sì ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ di pupa. Ọkọ̀ náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà òjò, ó kéré tán. Mo fi ìka sẹ́nu fún ọmọ mi pé kó dákẹ́.

Mi ò fẹ́ ba ọpẹ́ àwọn èèyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ síhìn-ín nítorí ìwé ara mi ni: irú ẹ̀rí yẹn kì í jẹ́ kí n rí àmín ṣe dáadáa. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó dojú bolẹ̀ yẹn, ẹnìkan gbàdúrà fún wọn ní gáréèjì. Wọ́n pe ẹ̀jẹ̀ Jésù sórí táyà tiwọn náà. Bí ó bá jẹ́ pé àfi kí òkú ẹlòmíì wà lọ́nà kí n tó gbà pé Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe pẹ̀lú mi, ẹ̀rù irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ń bà mí. Mi ò mọ ìdí tí a fi sùn ní Ìkejì fún òru méjì. Ó lè máà ní ìdí kan ju pé a ò jẹ́ kí dírẹ́bà rí mẹkáníìkì. Ọwọ́ Ọlọ́run ni mo wà síbẹ̀, nínú yàrá orin yẹn, pẹ̀lú àkùkọ.

A dé Àkúrẹ́, a wọ ọkọ̀ míì. Nígbà tí òkè Olósùnta yọ lókèèrè, ọmọ mi pariwo, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ilẹ̀kùn Màámi wà ní títì, ó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A bá a lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Ẹtì tó ń rùn èéfín. Ó rí wa láti ìjókòó àwọn ìyá, kò dìde, ó kàn fi ìwé orin bo ojú fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tó di àkókò ẹ̀rí, wọ́n pe àwọn tó ti òkèèrè dé. Mo dìde. Mo ní dírẹ́bà wa tọrọ ogún ìṣẹ́jú n'Íléṣà, a kò fún un, a sì fi orúkọ Jésù lé e síwájú. Mo ní àwọn tí a kò mọ̀ rí tẹ́ ẹní fún wa, ọmọ mi sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ìrẹsì. Ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti ké Halelúyà. Àlùfáà ló gbà mí sílẹ̀, ó ní ẹ jẹ́ ká kọrin.

Ajé, 26 Oṣù Kejìlá

Adìẹ tó wà nínú ètò mi, Màámi ti rà á, ó ti dín in láti Àbámẹ́ta. Ó ní òru méjì lòun fi sùn sí pálọ̀ láìti ilẹ̀kùn bọ kọ́kọ́rọ́. Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á. "Ó bà mí. Mo gbàdúrà, mo dín adìẹ."

Mo kó owó fún un, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kò sí tuntun. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó mú igba náírà mẹ́wàá, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó wọ́n omi díẹ̀ sí wọn bí ẹni wọ́n omi sí bùbá, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó wá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé wọn. Èéfín díẹ̀ yọ. Ó ṣí aṣọ: owó náà nà gbọnrangandan, ó ń kígbe. Gbogbo ọmọ àdúgbò tó gbà á lónìí ló rò pé tuntun ni.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kejìlá

À ń padà. Ọkọ̀ míì ni, dírẹ́bà míì, àgbàlagbà kan tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ láti Àkúrẹ́ pé kó jọ̀wọ́ bá mi dúró ní Ìkejì fún ìṣẹ́jú méjì, nítorí aṣọ ìbora ìyá ìjọ kan bá ẹrù wa wá, Màámi sì ti fọ̀ ọ́. Ó kùn, ó dúró. Ìyá ìjọ ti lọ sóko. Mo gbé aṣọ náà àti kọ́ńgò ìrẹsì kan, èyí tí orí rẹ̀ yọ bí òkìtì, fún ọmọ tó wà lẹ́nu géètì.

Nígbà tí mo padà wọlé, dírẹ́bà ti fẹ́ ṣíná. Ọmọ mi na ọrùn síwájú láàárín àwọn èrò.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ ti wo omi ọkọ̀ yín?"

Inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà wò ó nínú dígí, ó wò mí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó fa jálá omi kan jáde lábẹ́ ìjókòó, ó sọ̀kalẹ̀ lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. A dúró dè é. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní kó máa lọ.